Èmi ni Àlejò tí Ọmọ Mi Fẹ́ Mú Lọ sí Hòtẹ́ẹ̀lì

Abúlé Kalimanjira,
Dedza.

Limbikani ọmọ mi,

Kí ìwé yìí bá ọ lórí ìdúró, kí Olúwa tí ó gbà ọ́ lọ́wọ́ ibà nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún méjì máa ṣọ́ ọ ní Blantyre. Àwa náà wà láàyè. Àgbàdo ti yọ irun, àwọn ọ̀bọ sì ti rí i kí àwa tó rí i.

Mo gba káàdì àti fọ́ọ̀mù tí o fi rán awakọ̀ bọ́ọ̀sì. Gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó kọ́ ara rẹ̀ ní ìwé, mo ti ìlẹ̀kùn, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀rù sì bà mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Wọ́n ní ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò Kristẹni ni, ṣùgbọ́n kò sí pásítọ̀ tí ó ń darí wọn, inú hòtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n sì ti ń gbàdúrà lẹ́yìn oúnjẹ. Wọ́n ní ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mú àlejò kan wá. Wọ́n ní lóṣù tó kọjá, àwọn jèrè ọkàn méje. Limbikani, ọkàn àwọn ta ni? Níbi tí ó yẹ kí a kọ orúkọ àlejò sí, orúkọ mi ni mo bá níbẹ̀, ìwọ ni o sì kọ ọ́.

Wọ́n tún béèrè bóyá ẹran ni n ó jẹ tàbí ẹja. A kì í bi ewúrẹ́ léèrè oúnjẹ tí ó wù ú, àfi bí ọjọ́ rẹ̀ bá pé.

Nínú ìwé kékeré tí ó bá a wá, Ọ̀gbẹ́ni Mtambalika tí ó ń ta sìmẹ́ǹtì jẹ́rìí pé ọdún tí bàbá òun kú gan-an ni Olúwa fún òun ní ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́ta. Kò tilẹ̀ fi bò!

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo fi aṣọ wé fóònù tí o rà fún mi, mo rì í sínú àká àgbàdo, kí ó má baà gbọ́ ohun tí mo ń kà. Ṣùgbọ́n ẹnu awakọ̀ yẹn kò ní ìlẹ̀kùn. Níbi tí mo ti ń fọ kẹ̀kẹ́ lẹ́bàá kànga, Mai Nasibeko, obìnrin aládùúgbò wa, bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni ọmọ mi fẹ́ gbé mi lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì, ó ní ṣé kí n lè jẹun ni àbí kí wọ́n lè jẹ mí. Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kànìnkànìn bọ́ lọ́wọ́ mi.

Níkẹyìn mo sọ fún ìyá rẹ. Ó ní ojo ni mí, ó ní kí n jókòó sílé, òun yóò lọ dípò mi, nítorí ó pẹ́ tí òun ti jẹ ẹja tí ẹlòmíràn sè. Ọ̀rọ̀ yẹn ni ó mú mi pinnu. Èmi ni n ó wá. Èmi ti gbó, òun ṣì ń roko. Mo ti fi àmì sí ẹja.

Jọ̀wọ́, fi owó bàtà ránṣẹ́, kí n má baà dójú tì ọ́, àti owó ọkọ̀. Má fi ti àlọ nìkan ránṣẹ́, ọmọ mi. Fi ti àbọ̀ mọ́ ọn, kí n lè mọ̀. Bí o bá ka lẹ́tà yìí tán, dáná sun ún.

Kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ má jó ọ lọ́wọ́. Kí o pẹ́ láyé jù mí lọ. Ìwọ ni kí o sin mí, ṣùgbọ́n kí ó pẹ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Zefaniya Kamtedza