Igi Tíìkì Tí Ẹ Kò Jẹ́ Kí A Dín Kù

Bàbá mi ọ̀wọ́n, ẹni tí n kò lè bá jiyàn mọ́,

Ní òwúrọ̀ Sátidé ni mo kó àwọn agégi wọ oko tíìkì yín ní ọ̀nà Ekenwan. Èmi ni mo pàṣẹ. Ṣé ẹ ń gbọ́ ìró ayùn lọ́run níbẹ̀ yẹn?

Ẹ ó rántí ọdún tí mo gba ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ igbó ní pólì. Mo dúró tì yín létí oko, mo fi ọ̀wọ̀ ṣàlàyé pé àwọn igi náà sún mọ́ra jù. Bí a kò bá gé ìlàjì wọn ní kékeré, ìyókù kò ní rí oòrùn tí wọn yóò fi sanra. Ẹ pe àwọn alágbàṣe jọ, kí wọ́n wá wo ọmọ tí ó kàwé kí ó lè wá pa igi bàbá rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti di Apagi. Apagi, gbé àga wá. Apagi, kí àwọn àlejò. Kódà níwájú pásítọ̀. Èmi náà a sì rẹ́rìn-ín.

Síbẹ̀, mo máa ń wò yín láàárọ̀ lẹ́yìn òjò, tí ẹ óò fi etí ṣẹ́ẹ̀tì nu awò ojú yín, tí ẹ óò máa fi àtẹ́lẹwọ́ kan àwọn igi náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ kò fọwọ́ kan orí mi bẹ́ẹ̀ rí. Kí ni wọ́n ṣe fún yín tí n kò ṣe?

Wọ́n ga, wọ́n tín-ín-rín, bí aláìsàn tó fara ti aláìsàn. Nígbà tí ìjì èṣí wó ìlà àkọ́kọ́, ìlà kejì tẹ̀lé e. Onígẹdú tí mo pè fi ọwọ́ méjèèjì ká ọ̀kan, ìka rẹ̀ pàdé, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

Nítorí náà ni mo ṣe kọ ètò ogójì ọdún fún ilẹ̀ náà: igi ọ̀gànwó àti igi afárá, ní àlàfo tó tọ́, pẹ̀lú àwọn ọdún tí a óò máa dín wọn kù. N kò ní sí láyé nígbà tí wọ́n bá tó gé. Ọmọ mi obìnrin, tó ń gbé ní Ekosodin nítorí yunifásítì, nìkan ni ó lè gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi. Láìsí òun, ìwé lásán ni ètò náà.

Ibi tí mo ti ń wá ìwé ilẹ̀ nínú àpótí yín ni mo ti rí ìwé àkọsílẹ̀ yín. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ náà ló wà níbẹ̀. Ẹ ya àwọn ìlà igi, ẹ sì fagi lé àwọn tó yẹ ní gígé. Lábẹ́ rẹ̀, ẹ kọ ọ́ pé òótọ́ ni mo sọ. Ṣùgbọ́n kàkà kí ọmọ tí ẹ bí máa kọ́ yín níṣẹ́ lójú alágbàṣe, kí igbó náà kúkú bàjẹ́.

Ọmọ mi fẹ́ràn yín. Ó tẹ̀lé mi lọ sí oko ní Sátidé, ó gba fáìlì ètò náà tayọ̀tayọ̀. Ó wá bi mí, ní Gẹ̀ẹ́sì, ìdí tí igi bàbá àgbà fi tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀. Ǹ bá ti sọ pé ilẹ̀ ni kò dára. Kò lè ka Yorùbá, nítorí náà èmi fúnra mi ni mo ka ojú ìwé àkọsílẹ̀ yín yẹn sí i létí, tí mo sì túmọ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó má baà pàdánù ohunkóhun. Mo tún sọ fún un bí ìró ayùn náà ti ń dùn mọ́ mi tó.

Bí mo ti máa ń wò yín ni ó ṣe wò mí. Ó gbé fáìlì náà sórí kùkùté, ó sì kọrí sí títì. Mo pè é. Kò dúró.

Èmi ọmọ yín, tí ó fẹ́ràn yín láìfẹ́.