Ta Ni Kí N Kọ Sínú Àpótí Òkè?

                                        Òkè ilé ìránṣọ wa,
                                        Lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́ àtijọ́,
                                        Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta.

Ìkejì mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé orúnkún rẹ ti ń gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu? Bàbá ilé ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń bá tẹlifíṣọ̀n jà bí ẹni pé àwọn tó wà nínú rẹ̀ ń gbọ́ wọn? Àwọn ọmọ ńkọ́, àti àbúrò rẹ tó ń kọ́lé tí ilé kò tán? Mo kí gbogbo yín, mo sì tún kí yín. Ara tèmi le, a dúpẹ́. Orí nìkan ni kò dúró sójú kan. Bí o bá rí i pé lẹ́tà yìí ń lọ síwájú tó tún ń padà sẹ́yìn, má bínú. Bí èrò mi ṣe rí nìyẹn láti ọ̀sẹ̀ méjì.

Ìwọ tó o ṣe olórí àwọn nọ́ọ̀sì fún ọdún méjìlélógún, ìwọ ni mo fẹ́ bi: báwo lo ṣe máa ń mọ ẹni tó yẹ kó o fi ṣe ọ̀gá lé àwọn yòókù lórí? Má tíì dáhùn. Jẹ́ kí n rò ó fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

O mọ̀ pé ojú mi kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Abẹ́rẹ́ tí mo máa ń ki òwú bọ̀ nígbà tí mo bá ń sọ̀rọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mò ń wá ojú rẹ̀ báyìí. Ó ti tó kí n gbé ilé iṣẹ́ fún ọmọ, àmọ́ ọmọ méjì ni wọ́n ń bá mi ṣe é. Àkọ́bí mi ọkùnrin ló ń gé aṣọ. Ọ̀gá Ṣọ́ọ̀kì ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é, nítorí ṣọ́ọ̀kì kì í kúrò lẹ́yìn etí rẹ̀. Mi ò tíì rí ẹni tó mọ aṣọ gé tó o, ṣùgbọ́n bi í pé ọjọ́ wo ni iṣẹ́ máa parí, á ní, "Ó máa parí ná." Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Àǹtí Aago ni wọ́n ń pe ìyẹn. Kò lè fi sísọ́ọ̀sì gé ìlà tó tọ́, àmọ́ ó mọ ẹni tó pẹ́ dé, ẹni tí orí ń fọ́, àti iye bọ́tìnnì tó kù nínú agolo.

Òun ló forúkọ mi sílẹ̀ ní kíláàsì kan tí wọ́n ti ń kọ́ àwa oníṣẹ́ ọwọ́ ní ìpìlẹ̀ ìṣàkóso ilé iṣẹ́ lóde òní. Àárọ̀ Sátidé ni, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo ní ṣé èmi tí mo ti ń ṣe ọ̀gá láti ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fẹ́ kọ́ ní ọ̀gá ṣíṣe? Ó ní, "Màmá, ẹ ṣáà lọ. Gbogbo wa lẹ kọ́ níṣẹ́, ẹ ò kọ́ ẹnikẹ́ni bí iṣẹ́ á ṣe máa lọ tí ẹ ò bá sí níbẹ̀." Ọ̀rọ̀ náà gún mi díẹ̀, mo sì lọ.

Olùkọ́ wa kò lè dàgbà ju àkọ́bí mi lọ. Wẹ́dà kan tí kì í kọ nǹkan kan sílẹ̀ ló máa ń jókòó tì mí. Lọ́sẹ̀ kẹta, olùkọ́ ní kí kálukú ya ilé iṣẹ́ rẹ̀ sórí ìwé: kí á fi ẹnì kọ̀ọ̀kan sínú àpótí, kí á fa ìlà láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń jíṣẹ́ fún. Mo ya tèmi tọkàntọkàn. Ìgbà tí mo gbé e sókè, ìlà mọ́kànlá ló já sórí mi. Wẹ́dà yọjú wò ó, ó ní, "Ìyá, ẹsẹ̀ tiyín mà ju ti aláǹtakùn lọ." Olùkọ́ ní, "Tí ara yín ò bá yá lọ́jọ́ kan ńkọ́, ta ló máa ṣí ilẹ̀kùn?" Mo ní kò sí ẹlòmíì, ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Títí di òní, mi ò mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Ó wá ní kí n lọ ya òmíràn, kí n fi ẹnì kan sáàárín èmi àti àwọn yòókù, kí n mú un wá lọ́jọ́ ìkẹyìn. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ta ni kí n kọ síbẹ̀? Tí a bá wo ọjọ́ orí, ọkùnrin ni. Tí a bá wo ìṣe, obìnrin ni. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé àbúrò gun ẹ̀gbọ́n lórí? Mo bi olùkọ́ pé kí ni ìwé wọn wí nípa ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ó ṣí i síwájú, ó ṣí i sẹ́yìn, ó ní, "Màmá, ìwé ò mọ ẹ̀gbọ́n, kò mọ àbúrò." Mo ní àfi kó jẹ́ pé ọmọ kan ṣoṣo ni ìyá ẹni tó kọ ọ́ bí.

Ìkejì mi, mo wá fi ọgbọ́n orí mi ṣe é. Mo pe ọkùnrin sí yàrá, mo ní, "Láti ọjọ́ Ajé, ìwọ ni kó o máa darí ibí, àmọ́ má tíì sọ fẹ́nì kankan." Ó yá, mo pe obìnrin, mo sọ ohun kan náà fún un. Mo rò pé inú àwọn méjèèjì á dùn, tó bá yá Ọlọ́run á fi èyí tó jẹ́ ọ̀gá gan-an hàn mí. Má tíì pariwo, ó kù.

Ilé-ìwé kan gbé iṣẹ́ àádọ́rùn-ún síkẹ́ẹ̀tì fún wa. Ọkùnrin sọ fún àwọn aránṣọ pé kí ìṣẹ́po rẹ̀, ibi tí aṣọ ti ká lé ara rẹ̀, kọjú sósì, bí a ṣe máa ń rán an tẹ́lẹ̀. Obìnrin ní ilé-ìwé ti kọ̀wé pé ọ̀tún ni wọ́n ń fẹ́ lọ́dún yìí. Àwọn aránṣọ wo ara wọn lójú. Wọn ò bi mí, wọn ò bi ẹnikẹ́ni. Kí inú ọ̀gá kankan má baà bàjẹ́, wọ́n rán márùndínláàádọ́ta sósì, wọ́n rán márùndínláàádọ́ta sọ́tùn-ún.

Ọjọ́bọ̀, níbi tí wọ́n ti ń lọ aṣọ, ni àṣírí tú. Ọkùnrin ní, "Ta ló ní kẹ́ ẹ rán eléyìí?" Ìyá Olójú-Bọ́tìnnì, tó ti wà lọ́dọ̀ mi láti ọjọ́ tí mo ti ra máṣíìnì kejì, ní, "Ọ̀gá ni." "Ọ̀gá wo?" Ni àwọn ọmọ mi méjèèjì bá jùmọ̀ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Èmi ni Màmá fi ṣe ọ̀gá." Gbogbo ilé yíjú sí mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá awò ojú mi, bẹ́ẹ̀ ojú mi ló wà. Àkọ́bí mi yọ ṣọ́ọ̀kì létí, ó fi lélẹ̀ lórí tábìlì jẹ́jẹ́, ó sì jáde. Kò wá ní ọjọ́ Ẹtì. Ilé iṣẹ́ ńlá kan tó ń rán aṣọ iṣẹ́ ní ìlú òkèèrè ti ń bẹ̀ ẹ́ láti ọdún tó kọjá pé kó wá máa géṣọ fún àwọn. Mi ò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ ìkẹyìn kíláàsì, mi ò mú àwòrán kankan lọ. Ǹjẹ́ o mọ ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ kọ́ wa lọ́jọ́ náà? Pé òṣìṣẹ́ kan kò gbọdọ̀ ní ọ̀gá méjì. Mo fi ìwé bojú. Wẹ́dà ní, "Ìyá, ṣé kò sí o?" Mo ní eruku ni.

Láti ibẹ̀, mo gba ilé ọmọ mi lọ. Ìyàwó rẹ̀ ṣílẹ̀kùn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, ẹ wá wo ọkọ mi." Ó jókòó sílẹ̀ láàárín òkìtì síkẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó kọjú sósì ló ní kí ọmọṣẹ́ kan kó wá fún òun lọ́jọ́ Ẹtì, ló ń tú níkọ̀ọ̀kan. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Tèmi ló ṣì, Màmá. Mo ti ka lẹ́tà ilé-ìwé." Mo ní kó máa bọ̀ níbi iṣẹ́, kó máa bọ̀ wá ṣe ọ̀gá rẹ̀. Ó ní, "Ta ló sọ fún yín pé mo fẹ́ ṣe ọ̀gá? Tí ẹ bá gba aṣọ lọ́wọ́ mi, tí ẹ ní kí n máa ka orí èèyàn láàárọ̀, ẹ ti pa mí nìyẹn. Ẹ ò bi mí, Màmá. Gbogbo ohun tó dùn mí ò ju ìyẹn lọ."

Mo bá jókòó tì í, mo mú síkẹ́ẹ̀tì kan, mo ń fi ojú mi tí kò ríran tú u.

Ó yá, mo ròyìn àpótí tí olùkọ́ ní kí n yà fún un, ló bá mú ṣọ́ọ̀kì, ó ya á sílẹ̀. Ó fi àbúrò rẹ̀ sókè. Mo ní, "Àbúrò rẹ láá máa pàṣẹ fún ọ?" Ó ní, "Látìgbà tó ti ń rákò ló ti ń pàṣẹ fún mi. Ẹ kàn fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Àmọ́ kò gbọdọ̀ yéé pè mí ní ẹ̀gbọ́n o." Mo ní èmi ńkọ́. Ó ya àmì róbótó kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò fa ìlà kankan sí i. Mo ní kí lèyí? Ó ní, "Ẹ̀yin nìyẹn, Màmá. Ẹ sinmi."

Lọ́jọ́ Ajé, obìnrin kó gbogbo wọn jọ. Ó kọ́kọ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó tó sọ ohunkóhun, ó wá ka iṣẹ́ kálukú. Lánàá, gbogbo àádọ́rùn-ún síkẹ́ẹ̀tì lọ, ọ̀tún ni gbogbo wọn kọjú sí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Ajé yẹn, kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan. Mo to òwú ní àwọ̀ ní àwọ̀, mo tú u ká, mo tún un tò. Ṣé wọ́n gbé mi sókè ni àbí wọ́n gbé mi sọnù?

Òwúrọ̀ yìí ni mo fi ọgbọ́n bi obìnrin pé, ilé iṣẹ́ tó ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yẹn ńkọ́? Ó ní, "Háà, ó ti sọ fún wọn látàárọ̀ àná pé òun ò wá mọ́. Ó ní ọ̀gá òun lòun gbọ́dọ̀ sọ fún." Ìkejì mi, èmi tí mo bí i, tí mi ò jẹun, èmi ni mo gbọ́ kẹ́yìn! Inú mi dùn débi pé mi ò mọ ibi tí màá fi ìbínú mi sí.

Ní ọ̀sán, Ìyá Olójú-Bọ́tìnnì wá, ó ní òun ò rí òwú aláwọ̀ eérú. Mo ti dìde dé ìdajì kí n tó rántí. Mo padà jókòó, mo ní, "Lọ bi ọ̀gá ẹ." Ahọ́n ń yún mi. Ó lọ. Ó pẹ́ díẹ̀, ó tún dé. "Àǹtí ní kí n bi Ọ̀gá Ṣọ́ọ̀kì. Ọ̀gá Ṣọ́ọ̀kì ní kí n bi yín."

Ó wà nínú agolo bisikíìtì, lábẹ́ tábìlì kejì. Mo sọ fún un. Mi ò dìde lọ mú un.

Nígbà tí ìwọ fẹ̀yìn tì, ta ló ń wá bi ọ́ ní ibi tí nǹkan wà? Kọ̀wé sí mi kíákíá, kó o sì sọ òótọ́. Bá mi kí bàbá ilé, kí àwọn ọmọ, kí àbúrò rẹ, sọ fún un pé kó rọra kọ́lé. Ọ̀gá Ṣọ́ọ̀kì àti Àǹtí Aago ní kí n kí ọ. Ọ̀gá náà ló kọ́kọ́ ní kí n kí ọ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá tẹ̀ lé e.

Tìrẹ ni mo jẹ́ látorí bẹ́ǹṣì ilé-ìwé wá,

Ìkejì rẹ.