Ọkọ̀ Pupa Tí Wọ́n Ní Kí A Bò

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú òtútù, ẹ kú ìfojúsọ́nà. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà bí mo ṣe ń kí yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ò rí mi. Mo kí Dádì, mo ní ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́. Mo kí Tóbi àbúrò mi, tó gba yàrá mi kí àpótí mi tó kọjá ẹnu ọ̀nà. Mo kí Àǹtí Bísí tó ń gbé nísàlẹ̀ yín, tó ń bi yín lójoojúmọ́ bóyá wọn ò tíì jí mi gbé.

Ẹ ní kí n máa bọ̀, ẹ sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Gẹ̀ẹ́sì la fi jà lórí fóònù, mi ò sì lè fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, torí inú Yorùbá ló ti ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí. Mo ní kí wọ́n bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde kí àwọn ọmọ tí wọ́n tọ́ sí òkè òkun bíi tèmi lè kà á. Àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ti gbà, wọ́n kàn ní kí n fi orúkọ àwọn pamọ́ ni.

Mo mọ̀ pé iṣẹ́ tí mo wá kọ́ kò tíì yé yín. Ẹ máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ yín pé ọkọ̀ ni mo ń kùn. Kì í ṣe ọ̀dà. Sítíkà ni, ó ń wá ní róòlù bí aṣọ. A ó fi ooru mú un rọ̀, a ó nà án, a ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ọkọ̀ títí tí ẹnikẹ́ni kò fi ní mọ̀ pé ọkọ̀ wọ aṣọ. Èmi ni mo ń wá àwọ̀ lórí kọ̀ǹpútà fún àwọn ọkọ̀ eré sísá tó lọ sílẹ̀ bí alángbá, tí ohùn wọn ń jí ọmọ lójú oorun. Ẹnì kan fẹ́ àwọ̀ aró tó ti ṣá. Ẹlòmíràn fẹ́ àwọ̀ inú ìkarahun, tó ń yí padà bí oòrùn bá kàn án. Láti Erékùṣù Èkó ni wọ́n ti ń gbé e wá bá wa ní Ìgbògbò níbí, torí ọwọ́ ọ̀gá mi mọ́, owó rẹ̀ sì ṣeé gbọ́.

Bọ̀dá Wàsíù ni màá máa pe ọ̀gá mi níbí, ọmọ Ìkòròdú gan-an. Àǹtí Lọ́ńdọ̀nù ló ń pè mí. Òfin kan ló ní tí kì í yẹ̀: ẹni tó bá fẹ́ pa àwọ̀ ọkọ̀ dà, kó mú ìwé ọkọ̀ wá, torí àwọ̀ wà nínú ìwé, ọlọ́pàá sì lójú.

Oòrùn àti eruku ni ọ̀tá wa. Láràárọ̀ la máa ń da omi sílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù kí eruku lè sùn kí a tó tú sítíkà. Ẹyọ iyanrìn kan péré lábẹ́ rẹ̀, ó di kókó. Bí òjò bá ti ń kùn bọ̀ láti ọ̀nà Èbúté, a ó ti gbogbo fèrèsé, ooru á wá máa sè wá bí ẹ̀wà. Ní ìrọ̀lẹ́ mo máa ń padà sí yàrá mi lọ́dọ̀ Ìyá Ṣàkírà, onílé mi. Bí mo bá wọlé, àwọn obìnrin tó wà níwájú ilé á dákẹ́, wọ́n á kí mi, wọ́n á sì tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wọn ní ohùn ìsàlẹ̀. Ó pẹ́ tí mo ti gbà pé èmi ni wọ́n ń sọ. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kí n má fọkàn tán ẹnikẹ́ni níbí. Mo kọ́ ọ dáadáa, Màmá. Mo wá dá wà títí mo fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni ọ̀rọ̀ yìí dé. Gbogbo àdúgbò wà ní mọ́ṣáláṣí, òpópónà dá. Ọ̀gá mi tí kì í pa Jímọ̀ jẹ kò lọ. Ọkọ̀ tó ń gbé ọkọ̀ kan rọra wọlé, ohun tó gbé sì wà lábẹ́ tapólì, wọ́n so ó mọ́lẹ̀ bí àgbò. Ọkùnrin tó ni ín tẹ̀ lé e wọlé. Bọ̀dá Ẹ̀pẹ́ ni màá máa pè é, torí ibẹ̀ ni ilé wọn wà. Nígbà tí wọ́n ká tapólì, ọkọ̀ pupa ni, pupa tó ń ta ojú.

Ó ní kí a bò ó, kí ó di àwọ̀ mìíràn. Ìyẹn kò burú. Ó ní kí a bo inú ilẹ̀kùn náà, àti etí bọ́nẹ́ẹ̀tì, àti abẹ́ búùtù, àti ibi tí ìdè ilẹ̀kùn wà, irin tó so ó mọ́ ara ọkọ̀. Ẹ gbọ́ ná: kò sẹ́ni tó ń náwó sórí ibi tí ojú kì í dé, àfi ẹni tó fẹ́ kí ọkọ̀ gbàgbé orúkọ ara rẹ̀. Ó tún ní kí a má ya fọ́tò, bẹ́ẹ̀ fídíò iṣẹ́ wa la fi ń pe oníbàárà. Ọ̀gá mi ní kò sí wàhálà. Kò béèrè ìwé. Ọ̀gá yìí kan náà ló lé ẹnì kan jáde láìpẹ́ sígbà yẹn torí pé ìwé ọkọ̀ rẹ̀ wà nílé.

Mo bi í ní kọ́rọ̀. Ó ní ṣé mo ti gbaṣẹ́ ọlọ́pàá ni. Ó ní ọmọ iṣẹ́ tó bá ń wo ẹnu oníbàárà kò ní rí etí sítíkà gé. Ó wá jáde sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó ń fi Ìjẹ̀bú sọ̀rọ̀ lórí fóònù, wéréwéré, kí n má baà gbọ́. Ọjọ́ yẹn ni mo pè yín, tí mo ní mo rò pé olè ni mò ń bá ṣiṣẹ́.

Ní ọjọ́ kejì mo lẹ ojú mọ́ gíláàsì iwájú ọkọ̀ náà, mo fẹ́ ka nọ́ńbà tí wọ́n kọ mọ́ ara rẹ̀. Bọ̀dá Ẹ̀pẹ́ bá mi níbẹ̀. Kò bínú. Ó ṣílẹ̀kùn, ó kó ìwé ọkọ̀ lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n kà á tẹ́rùn. Orúkọ rẹ̀ ni, nọ́ńbà bára mu, wọ́n sì kọ pupa síbẹ̀. Ó yẹ kí ọkàn mi balẹ̀, ńṣe ló tún gbóná sí i. Olè tí kò níwèé, mo mọ irú ẹni tó jẹ́. Ẹni tí ìwé rẹ̀ pé, tó tún ń fi ohun tirẹ̀ pamọ́, ta ló ń sá fún? Mo rò ó pé ìyàwó ni. Mo rò ó pé òṣèlú ni. Mo tiẹ̀ rò ó pé ó ti fi ọkọ̀ náà gbá ènìyàn.

Mò ń tẹ sítíkà sí etí ilẹ̀kùn lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí Bọ̀dá Ẹ̀pẹ́ kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń tan tọ́ọ̀ṣì sí ìdè ilẹ̀kùn. Ó bi mí bóyá ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lè rí pupa níbẹ̀. Mo ní ta ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ìdè ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ó ní bàbá òun ni.

Ó wá sọ ọ́. Pupa kì í wọ ẹnu ọ̀nà agbo ilé wọn. Ìyàwó ilé kì í wé gèlè pupa wọ ibẹ̀, ọmọ ilé kì í wọ ṣẹ́ẹ̀tì pupa débẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rántí ẹni tó fi lélẹ̀. Irú ọkọ̀ tó ti ń wù ú láti kékeré ló rí rà, pupa nìkan ni ẹni tó tà á fún un sì ní. Ó fẹ́ fi gbé bàbá rẹ̀ lọ sí yídì lọ́jọ́ Iléyá, kí bàbá náà má mọ àwọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ láéláé. Ọ̀gá mi ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ti rí ìwé ọkọ̀ kí ọkọ̀ tó dé. Mo lọ bi ọ̀gá mi pé kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní àṣírí oníbàárà ni, àti pé ńṣe ni mo béèrè bí ẹni tó ti dájọ́ tán.

Ojú tì mí díẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀. Sítíkà kì í ṣe awọ ara. Oòrùn á lù ú, iyọ̀ ọ̀sà á jẹ ẹ́, etí rẹ̀ á ká. Lọ́jọ́ kan ṣá, pupa á yọjú níwájú bàbá yẹn. Mo ní mi ò ní parí rẹ̀ àfi tó bá sọ fún bàbá rẹ̀, torí mi ò lè fi ọwọ́ mi rán irọ́ sí àgbàlagbà. Ọ̀gá mi kò pariwo. Ó ní bí ọkọ̀ yẹn bá jáde láì parí, kí èmi náà ká ohun èlò mi, kí n máa tẹ̀ lé e. Ọjọ́ yẹn gan-an ni tíkẹ́ẹ̀tì yín dé sórí fóònù mi. Mo ti ń ká aṣọ sínú báàgì, Màmá. Mi ò purọ́ fún yín.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Bọ̀dá Ẹ̀pẹ́ ló sọ pé kí a lọ bá bàbá òun nílé. Òun, ọ̀gá mi, àti èmi la jọ gba ọ̀nà Ìtóìkín. Ẹ máa rẹ́rìn-ín: mo ní kí Tóbi máa fi fóònù ṣọ́ ibi tí mo wà, torí mo rò pé bóyá inú igbó ni wọ́n ń gbé mi lọ.

Bàbá jókòó síta níwájú ilé. Bí wọ́n ṣe rí mi pẹ̀lú báàgì tí mo kó sítíkà sí lọ́wọ́, ojú wọn kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Wọ́n bi ọmọ wọn irú ẹjọ́ tó wà lọ́rùn rẹ̀ tó fi gbé lọ́yà wá. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ro gbogbo rẹ̀. Bàbá na ọwọ́ sí mi. Wọ́n ní kí n mú sítíkà náà wá. Wọ́n ká a, wọ́n fi èékánná họ ọ́, wọ́n bi mí bóyá yóò gbó. Mo ní yóò gbó, etí rẹ̀ ló sì máa kọ́kọ́ ká. Wọ́n wá bi ọmọ wọn bóyá ó ti jẹ ọbẹ̀ tí kò lépo rí nínú ilé yìí. Ó ní rárá. Wọ́n ní ta ló wá rò pé ó ń gbé epo náà wọlé, àǹjọ̀nnú? Wọ́n ní inú ìkòkò tó ní ìdérí lepo ti ń wọlé láti ìgbà bàbá àwọn, inú àpò ni ata ti ń wọlé, ohun tó bá ti bora ti bọ̀wọ̀ fún ilé. Ìdérí náà ń gbó, a sì máa ń pààrọ̀ rẹ̀. Ohun tó dùn wọ́n ni tọ́ọ̀ṣì tí ọmọ wọn ń tàn kiri kí ó lè tan àwọn jẹ.

Lẹ́yìn náà wọ́n kọjú sí mi, wọ́n ní ọmọ ta ni mí. Mo dárúkọ agbo ilé bàbá yín, ní Ẹ̀pẹ́ níbẹ̀ náà. Wọ́n mọ̀ ọ́n. Wọ́n bi mí pé kí lèèwọ̀ ibẹ̀. Mi ò mọ̀. Wọ́n wò mí gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ti ń wo ọmọ wọn. Wọ́n ní ọmọ tí kò mọ ohun tí kì í wọ ilé tirẹ̀ ló wá ń bá àwọn ṣọ́ ẹnu ọ̀nà àwọn. Nígbà tí à ń padà bọ̀, ọ̀gá mi fi èyí rẹ́rìn-ín títí a fi dé Ìtóìkín.

Màmá, ẹ má bínú, ẹ̀yin ni ìfura mi kù sí báyìí. Nígbà tí mò ń bọ̀, ẹ ní Ìkòròdú ni kí n gbé, kí n má fẹsẹ̀ tẹ ilé bàbá yín, kí n má kí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ẹ ní wọn kì í ṣe ẹni àfọkàntán. Ẹ ò sọ ohun tí wọ́n ṣe rí. Mo gbà á bẹ́ẹ̀, mo sì gbé e rù káàkiri, mo gbé e dé ọ̀dọ̀ Ìyá Ṣàkírà, mo gbé e dé ìdí ọkọ̀ ọlọ́kọ̀.

A ti parí ọkọ̀ náà. Mi ò ní sọ àwọ̀ tó jẹ́ báyìí, torí àwọn ẹ̀gbọ́n Bàbá yẹn kò tíì gbọ́ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá mi ti fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ní ti owó, ẹ má ránṣẹ́ mọ́, èyí tí mò ń rí ń tó mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá tíkẹ́ẹ̀tì yẹn padà.

Bàbá ní kí n wá lọ́jọ́ Iléyá wá yẹ etí sítíkà wò. Wọ́n ní láti ẹnu ọ̀nà àwọn, ẹsẹ̀ lásán la fi ń dé ilé bàbá yín. Màá yà níbẹ̀. Ẹ sọ fún mi kí n tó dé ibẹ̀: kí ni kì í wọ ilé yẹn? Bó bá jẹ́ èmi ni, ẹ má fi pamọ́, kí n lè mọ ohun tí màá fi bora.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí ẹ̀yin àti Dádì sí, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́, òtútù ò ní rí yín gbé ṣe. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Ẹ sọ fún Àǹtí Bísí pé kò sẹ́ni tó jí mi gbé. Ìyá Ṣàkírà ní kí n kí yín, mo sì gbà pé tọkàntọkàn ló fi sọ ọ́.

Èmi ni ọmọ yín,
Mòrẹ́nikẹ́