Ohùn Mi Tí Ó Pè Yín Ní Ọjọ́bọ̀

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Mo dọ̀bálẹ̀ níbi tí mo wà yìí. Ṣé ara yín le? Ṣé orúnkún yín ti ń jẹ́ kí ẹ rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì? Mo kí Bọ́sẹ̀ àbúrò mi, tó fi iṣẹ́ aṣọ rírán rẹ̀ sílẹ̀ ní Àkúrẹ́ tó wá ń sùn tì yín ní Aládé. Mo kí àwọn ìyàwó ilé, mo kí Bàbá Alàgbà àti gbogbo ìjọ. Ẹ kú òjò, ẹ kú iṣẹ́ kòkó.

Òtútù ti dé síbí. Iṣẹ́ mi kò yí padà: aṣọ ibùsùn ilé ìwòsàn ni à ń fọ̀, tí à ń lọ̀, tí à ń ká. Inú ibẹ̀ gbóná bí ìdí ààrò, bẹ́ẹ̀ ara mi kì í tíì gbẹ tí òtútù ìta fi ń gbá mi mú. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn lọ sílé, kí owó ọkọ̀ lè di owó gáàsì. Bí mo bá wọlé, kò sẹ́ni tí yóò kí mi káàbọ̀. Ìpè tí mo ń pè yín ní ọjọ́ Ìsinmi nìkan ló ń jẹ́ kí n gbọ́ Yorùbá láàárín ọ̀sẹ̀.

Ìdáwà yìí ló sún mi dé ìdí kọ̀ǹpútà tí ẹ fi ń ṣe mí ní yẹ̀yẹ́, tí ẹ ní dípò kí n fẹ́ ìyàwó, àpótí irin ni mo gbé wọlé. Kofí, ọmọ Gánà tí a jọ ń ká aṣọ, ló kọ́ mi. Kọ̀ǹpútà àlòkù ni, ọ́fíìsì kan ló fẹ́ dà á nù. A fi sọfitíwia ọ̀fẹ́ sínú rẹ̀, irú èyí tí àwọn tó ṣe é kò fi iṣẹ́ inú rẹ̀ pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà lè ṣí i wò bóyá ó ń ṣe òfófó. Ibẹ̀ ni mo kó fọ́tò Bàbá wa tó ti dolóògbé sí, àti fọ́tò oko, àti àwọn ohùn tí ẹ fi ń ránṣẹ́ sí mi. Mo ti ṣírò rẹ̀: iná tó ń jẹ kò tó owó tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń gbà lóṣooṣù láti bá èèyàn tọ́jú ẹrù rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe tìtorí owó nìkan. Bàbá kò gbà kí a sá kòkó wa sí àgbàlá ẹlòmíràn láyé rẹ̀. Èmi náà kò fẹ́ sá tèmi sí àgbàlá ẹlòmíràn.

Ẹni tó bá fẹ́ gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì wọ inú ẹ̀rọ yìí gbọ́dọ̀ sọ orúkọ, ẹ̀rọ náà á sì kọ orúkọ náà sílẹ̀. Ojoojúmọ́ ni àwọn olè ń kàn án bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Kofí ní kí n má kọbi ara sí wọn, pé wọn kò mọ̀ mí rí, gbogbo ilẹ̀kùn ni wọ́n ń kàn lọ. Ní oṣù tó kọjá, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo gbé oúnjẹ kalẹ̀, mo wo àwọn orúkọ tí ẹ̀rọ kọ sílẹ̀. Ẹnì kan ti fi orúkọ mi kàn án. Ó tún fi orúkọ yín kàn án. Ó wá fi oríkì mi kàn án. Òkèlè dúró lọ́wọ́ mi. Ilẹ̀kùn kò ṣí, ṣùgbọ́n ta ló mọ oríkì mi? Kofí gan-an kò mọ̀ ọ́n.

Mo pè yín ní ọjọ́ Ìsinmi láti bi yín. N kò tíì là á sílẹ̀ tí ẹ fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún ìpè Ọjọ́bọ̀. Màmá, n kò pè yín ní Ọjọ́bọ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní ṣé òtútù ti wọ̀ mí lágbárí ni. Ẹ ní ẹ bi mí ní oríkì mi lórí fóònù bí ẹ ti ń bi gbogbo àwa ọmọ yín, mo sì sọ ọ́ geerege. Ẹ ní mo sọ pé ọ̀rẹ́ mi kan ń bọ̀ ní Sátidé wá fi mọ́tò gbé yín lọ tọ́jú ojú ní Àkúrẹ́, pé kí ẹ má sọ fún Bọ́sẹ̀, kó lè bá a lójijì. Mo ní èmi kọ́. Ẹ ní kí n sọ oríkì mi. Mo sọ ọ́. Ẹ ní ti Ọjọ́bọ̀ dùn létí yín ju èyí lọ, pé ẹ kò lè bímọ kí ẹ má mọ ohùn rẹ̀, kí èmi gbájúẹ̀ yé yọ yín lẹ́nu. Ẹ pa fóònù.

N kò bínú. Bọ́sẹ̀ ni mo sáré pè, ó sì wá bá yín kí Sátidé tó pé. Ó ní mọ́tò dúdú kan dúró lẹ́nu ọ̀nà wa lóòótọ́, pé ẹ ti wọṣọ, ẹ ti gbé báàgì. Ó bi awakọ̀ pé ilé ìwòsàn wo ni. Awakọ̀ ní kí ló kàn án níbẹ̀. Ó figbe ta sí àwọn ọkùnrin tó ń sá kòkó lẹ́yìnkùlé. Kí wọ́n tó yọ, mọ́tò náà ti kọjú sí ọ̀nà Owena. Ẹ ṣì bá Bọ́sẹ̀ jà pé ó lé àlejò mi.

Mo ti mọ ibi tí wọ́n gbà. Nígbà ìdúpẹ́ ọjọ́ ìbí mi, ẹ dúró níwájú pẹpẹ, ẹ kì mí, ẹ pe orúkọ mi àti tiyín, ọjọ́ tí ẹ bí mi, ìlú àti òpópónà tí mo ń gbé, kí áńgẹ́lì tó ń gbé ìbùkún bọ̀ má baà ṣìnà. Ẹ tún gbé fóònù sí ẹnu makirofóònù kí ìjọ lè gbọ́ ohùn mi bí mo ṣe ń dúpẹ́. Gbogbo rẹ̀ ni ìjọ gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kofí ní ohùn tó kéré tó bẹ́ẹ̀ ti tó kí kọ̀ǹpútà máa fi ohùn mi sọ ohun tí n kò sọ. Ó ní ojú mi pàápàá, wọ́n lè ṣe é. Mo ti ilẹ̀kùn tèmi gbọin, inú àdúrà yín ni wọ́n gbà wọlé.

Mo fi lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn kí Bọ́sẹ̀ lè kà á sí yín létí, kí àwọn ìyá yòókù tí ọmọ wọn wà lókè òkun lè gbọ́, kí ẹni tó ń jẹ́ oríkì mi náà sì kà á. Kò tíì lọ. Bọ́sẹ̀ ní ó tún pè láìpẹ́ yìí, òun ló gbé fóònù yín. Ó kí i bí mo ṣe ń kí i, ó bi í bóyá àwọn méjèèjì nìkan ló wà nílé. Bọ́sẹ̀ ní ohùn mi ni. Ó ní òun sunkún.

Nítorí náà, Màmá mi, láti òní lọ n kò ní pè yín mọ́, ìbáà ṣe ọjọ́ Ìsinmi, ìbáà ṣe ọjọ́ ọdún. Ohùn mi tó bá pè yín, èmi kọ́. Bó bá sọ oríkì mi, èmi kọ́. Bó bá ní ara òun kò yá, ẹ pa fóònù. Bó bá ń sunkún, ẹ jẹ́ kó máa sunkún. Mo ń tọ́jú owó ọkọ̀ òfúrufú díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá fọwọ́ yín kan ojú mi níwájú ilé wa ni kí ẹ tó dá mi lóhùn.

Ọlọ́run tí kì í sùn yóò máa ṣọ́ yín. Ẹ ó pẹ́ jẹun ọmọ. Kò sí àlejò burúkú tí yóò bá yín nílé. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà ní àdúgbò, kí Bọ́sẹ̀ sì máa ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kí ilẹ̀ tó ṣú. N kò kọ orúkọ mi sísàlẹ̀ yìí.

Ọmọ yín.