Fítámìn Adìyẹ Màmá Délé

Ìbà, Ọjọ́rú, oṣù Kẹfà, 1988

Màmá Délé, aládùúgbò mi, ti dé láti Abẹ́òkúta, níbi tí wọ́n ti lọ wẹ ọmọ fún ọmọ wọn tó bímọ. Èmi ni wọ́n fi àwọn adìyẹ wọn tó ń yé ẹyin sílẹ̀ fún, pẹ̀lú fítámìn tí mo gbọ́dọ̀ máa pò mọ́ omi wọn.

Omi àwọn adìyẹ tèmi ni mo ń pò ó mọ́. Tèmi ò yé dáadáa mọ́ nígbà náà, mo wá sọ fún ara mi pé ọjọ́ kan péré ni. Ọjọ́ kan yẹn di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Lónìí, èèpo ẹyin àwọn adìyẹ Màmá rọ̀ bí awọ, méjì nínú wọn ò sì lè dìde. Màmá gbé ọ̀kan mọ́ àyà, wọ́n ní, "Ìyá Bọ́lá, o ṣeun. Ká ní o ò sí níbẹ̀ ni, gbogbo wọn ni ì bá ti kú." Wọ́n fún mi ní láfún tí wọ́n rà bọ̀. Mo gbà á. Mo tún dúpẹ́!

Mi ò lè jókòó. Nírọ̀lẹ́ mo padà lọ kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, àwọn adìyẹ tèmi ni mo fún ní fítámìn yín."

Wọn ò bú mi. Wọ́n tẹ̀lé mi dé ilé adìyẹ mi, wọ́n wo àwọn tèmi, tí ìyẹ́ wọn ń dán.

"Wọ́n mà dára o," ni wọ́n wí, wọ́n sì yíjú padà sílé.

Ì bá sàn kí wọ́n bú mi. Lọ́la, n ó ra fítámìn mìíràn ní Ìyànà Ìbà. Ojú wo ni n ó fi gbé e wọlé tọ̀ wọ́n?