Bíríkìlà Ò Tíì Gba Àmì Kejì

Àbíkẹ́yìn mi ọ̀wọ́n,

Mo mọ̀ pé kíkí ló yẹ kó ṣíwájú, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí kó má bàa bọ́ lọ́kàn mi. Lọ́jọ́ tí bíríkìlà tó rẹ́ ilé wa kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀, kò wò mí lójú bí àwọn ọmọdé ṣe máa ń wò mí, pé ṣé àwọn gbà á. Ṣe ló sún sẹ́yìn, ó di ojú kan bí ẹni tó ń wo ògiri, ó ní lẹ́tà kẹta wọ́. Ó pa á rẹ́, ó tún un mọ. Ibẹ̀ ló ti yé mi pé gbogbo ọdún tí mo fi jẹ́ tíṣà ọmọdé, ẹ̀rù mi ni wọ́n ń kọ́, kì í ṣe ìwé.

Ó dáa, báwo ni ara? Iṣẹ́ ńkọ́? Ilẹ̀kùn tí o bá kàn kò ní tì mọ́ ọ lójú. Bàbá rẹ wà, ó ní aago tí o rà fún òun ń yára jù, torí ó máa ń sọ pé ọ̀sán ti pọ́n kí ebi tó pa òun.

Kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àwọn àgbà tí mo ní mi ò ṣe yẹn, mo ti ń ṣe é, ó sì ń dùn mọ́ mi. Orí bẹ́ńṣì àwọn ọmọdé ni wọ́n ń jókòó, orúnkún ń kan àgbọ̀n. Mo ní kí wọ́n máa nawọ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, ìyá aránṣọ ní apá ń ro òun, ṣé òun lè kàn máa sọ̀rọ̀. Mo ní kí ẹni tó bá pẹ́ dé wà ní ìdúró, bíríkìlà ní kò burú, pé lórí bẹ́ńṣì yẹn, ìjókòó gan-an ni ìyà. Mo rẹ́rìn-ín títí ṣọ́ọ̀kì fi bọ́ lọ́wọ́ mi.

Fóònù tí o fi ránṣẹ́ ni mo fi ń ṣe ìdánwò fún wọn. O ò sọ fún mi pé ó ń máàkì. Téèyàn bá kọ̀wé ránṣẹ́, á fa àmì kékeré kan sí i, bí èyí tí mo máa ń fi bíró pupa fà síbi tí ọmọ bá ti gbà á. Tí iṣẹ́ bá mọ́ dáadáa, á fa méjì. Ìyá aránṣọ kọ̀wé sí àbúrò rẹ̀, ó gba méjì lójú ẹsẹ̀, àmì náà tún wá di búlúù, ló bá ń yan. Ó ní ẹni tó mọ odidi ilé alájà kò lè mọ gbólóhùn kan kó dúró.

Torí ọ̀kan ṣoṣo ni bíríkìlà ń gbà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó bínú kúrò nílé ló ń kọ̀wé sí. A tún àmì ohùn ṣe, ọ̀kan. Ìyá aránṣọ ní kó fi kíkí ṣáájú, ọ̀kan. Mo ní kó fi àmì ìdánudúró sí i, ọ̀kan náà ni. Ìyá aránṣọ ò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ọmọdé tó bá fìdí rẹmi báyìí á ti sá lọ ṣeré, ṣùgbọ́n bíríkìlà ló ń kọ́kọ́ dé, á ní ìyá tíṣà, ẹ bá mi wò ó.

Àwọn tí mo kọ sí ìwọ náà gba méjì méjì, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó di búlúù rí. Bóyá ọ̀rọ̀ mi ti ń gùn jù. Ìdí nìyí tí mo fi padà sórí bébà.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí káfíńtà lè ṣe bẹ́ńṣì tó ga fún wa. Ohun tí o bá fọwọ́ mọ kò ní wó. Àwọn tí o bá pè á jẹ́ ọ lóhùn.

Gbólóhùn bíríkìlà nìyí, bí a ṣe tún un ṣe gbẹ̀yìn: “Ọmọ mi, ṣé dáadáa lo wà? Mo ti rẹ́ ògiri yàrá rẹ. Máa bọ̀.” Ìwọ tó kàwé jù mí lọ, bá mi wò ó dáadáa. Kí ló kù tí a ò tíì kọ bó ṣe yẹ?

Èmi ni, ìyá rẹ.