Mo Ra Ilé Pẹ̀lú Opó Nínú Rẹ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo lé opó kan kúrò nínú ilé tí òun àti ọkọ rẹ̀ jọ kọ́, èmi nìkan ni mo sì ń gbé ibẹ̀ báyìí... Olùkọ́ ni mí, ọmọ Pọ́bẹ̀, iṣẹ́ ló gbé mi wá sí Ṣábẹ̀. Mi ò lọ́kọ, mi ò bímọ. Mo ní kí n ra ilé tí n ó máa fi háyà, kí n má baà tọrọ jẹ tí mo bá fẹ̀yìn tì, ṣé ìyẹn burú? Olórí ẹbí kan ta ilé oníyàrá mẹ́rin fún mi lẹ́yìn ojú irin, ó ní ìyàwó àbúrò òun tó ti kú wà ní yàrá kan, pé kò sí wàhálà. Mo lọ bá Màmá náà. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, "Ọmọ mi, èmi àti ọkọ mi la po amọ̀ ilé yìí, jẹ́ kí n kú síbẹ̀." Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́!

Ọdún kan kò pé... ọ̀gá kan ní iléeṣẹ́ ṣúgà fẹ́ háyà gbogbo ilé, kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni pín àgbàlá. Mo ní kí Màmá lọ bá ọmọ wọn obìnrin ní abúlé Sakin. Wọn ò bá mi jà rárá. Wọ́n gbá àgbàlá tán kí wọ́n tó lọ.

Nígbà tó yá, iléeṣẹ́ gbé ọ̀gá yẹn lọ síbòmíràn, mo kó wọlé. Mo ń kí àwọn aládùúgbò, wọ́n ń dá mi lóhùn, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń jókòó tì mí. Ní iléèwé, bí ìjọba ṣe pàṣẹ, gbogbo wa ni kamarádì, ẹgbẹ́ ara wa, èmi ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ pé ènìyàn kò gbọdọ̀ rẹ́ ènìyàn jẹ... mo máa ń yára kọjá ibẹ̀. Mo ń se iṣu, ó ń ṣẹ́kù, ta ni n ó fún?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo lọ sí Sakin. Màmá bu omi fún mi, wọ́n bi mí bóyá òrùlé ṣì ń jò. Mo mu omi náà tán, mi ò tọrọ àforíjì. Ọmọ wọn sìn mí dé ojú ọ̀nà, ó ní, "Madámù, ẹ má wá mọ́. Bí ará Ṣábẹ̀ bá ti wá, Màmá á palẹ̀ ẹrù wọn mọ́, wọ́n á rò pé wọ́n wá mú àwọn padà sílé ni."

Ẹ jọ̀ọ́... mo fẹ́ mú wọn padà, kí n kọ ìwé fún wọn pé tiwọn ni yàrá yẹn títí ayé wọn. Àmọ́ ṣé nítorí wọn ni, àbí nítorí pé mi ò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀? Ṣé kí n lọ bí, nígbà tí ọmọ wọn ti ní kí n má wá mọ́? Ẹ sọ fún mi, kí ni kí n ṣe?